Ìwé Òkùnkùn Tí Ẹnìkan Ò Kọ Rí: Ìtàn Ìgbésí Ayé H. P. Lovecraft

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wo fíìmù Evil Dead, ẹ ó rántí ìwé burúkú yẹn, èyí tí wọ́n kà nínú ahéré kan láàárín igbó tí gbogbo nǹkan fi dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Nínú apá kejì fíìmù náà, tó jáde ní 1987, orúkọ tí wọ́n pe ìwé yẹn ni Necronomicon. Orúkọ yìí ti wọ inú géèmù, ó ti wọ inú kọ́míìkì, ó ti wọ inú orin àwọn onírọ́ọ̀kì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹ ó rí PDF rẹ̀ lóríṣiríṣi. Àwọn kan á ní ẹni tó bá kà á parí, orí rẹ̀ á yí. Àwọn kan á ní kí ẹ sanwó kí àwọn tó fi ojúlówó ránṣẹ́ sí yín.

Ẹ má san kọ́bọ̀ o. Kò sí ojúlówó. Kò sí ìgbà kankan láyé yìí tí ìwé náà wà. Òǹkọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà ló ronú kan orúkọ rẹ̀, ó jù ú sínú ìtàn àròsọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó sì kú láìkọ ìwé náà. Àwọn àgbà wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèyí ti lọ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, òtítọ́ ò sì tíì bá a. Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹni tó pa irọ́ náà ló kọ́kọ́ ń pariwo pé irọ́ ni.

Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ lónìí. Mo ti ń ka ìwé rẹ̀ tipẹ́, mi ò sì lè sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó lawọ́ débi pé ó fún gbogbo ayé ní ohun tó dára jù tó ní láìgba owó. Ọkùnrin kan náà yìí sì kórìíra aláwọ̀ dúdú, èmi tí mo ń kọ èyí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Mi ò ní fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Howard Phillips Lovecraft ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní August 20, 1890, ní ìlú Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island. Winfield, bàbá rẹ̀, ń rin ìrìn àjò kiri láti bá ilé iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà kan tajà. Ọmọ náà ò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí orí bàbá yìí dàrú ní òtẹ́ẹ̀lì ní Chicago lọ́dún 1893. Wọ́n gbé e lọ sí Butler Hospital, ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Providence, kò sì jáde níbẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 1898. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣèwádìí gbà lónìí ni pé àrùn ìbálòpọ̀ tó ti gun orí ni.

Ọ̀dọ̀ bàbá ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà dàgbà sí. Whipple Phillips, olówó ni bàbá yẹn nígbà náà. Ilé rẹ̀ tóbi, ìwé kún inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ a sì máa pa ìtàn ẹlẹ́rù fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti orí ara rẹ̀. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún ni Howard ka Arabian Nights, ló bá ní òun ti di Lárúbáwá. Ó ń múra bíi wọn, ó ń kó ohun èlò wọn jọ sínú yàrá. Àgbàlagbà kan nínú àwọn tó sún mọ́ ẹbí wá bá a ṣeré, ó sọ ọ́ lórúkọ tuntun: Abdul Alhazred.

Ẹ̀yin Abdulrasheed, Abdulkareem àti Abdulwaheed tó wà láàárín wa, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Abdul ò lè dá dúró. Ìránṣẹ́ ló túmọ̀ sí, orúkọ Ọlọ́run ló sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, "al" ti wà nínú Abdul, wọ́n tún wá ti òmíràn bọ iwájú "hazred". Kò sí alfa kan ní Ìlọrin tó máa fi orúkọ yẹn sọ ọmọ. Ṣùgbọ́n eré ọmọdé ni, ọmọ náà ò sì gbàgbé orúkọ yìí. Ẹ fi í sọ́kàn, a ṣì máa padà bá a.

Ní 1904, bàbá ìyá rẹ̀ kú. Owó ti ń lọ kí ó tó kú, ìgbà tó kú ni owó tán pátápátá. Ìyá àti ọmọ kó kúrò nínú ilé ńlá, wọ́n lọ gba ibi kékeré. Àsìkò yẹn ni ológbò dúdú kan tí ọmọ náà fẹ́ràn gidi sọnù, kò sì tún sin ológbò mìíràn mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bó ṣe fẹ́ràn wọn tó. Orúkọ tí wọ́n fún ológbò yẹn, èébú tí àwọn òyìnbó fi ń pe aláwọ̀ dúdú ni. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ó tún mú orúkọ yẹn lọ sínú ìtàn kan tó kọ nígbà tó dàgbà.

Ní 1908, ìdààmú ọkàn dá a dúró lẹ́nu ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò gba ìwé ẹ̀rí, kò sì dé yunifásítì, bẹ́ẹ̀ Brown University wà nítòsí ilé wọn, ó sì wù ú. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó tó ọdún márùn-ún tí ọmọkùnrin yìí fi ń jókòó sílé, tó ń kàwé, tó ń sùn lọ́sàn-án tó ń jí lóru. Èèyàn kan ṣoṣo tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ni ìyá rẹ̀, ìyá tí wọ́n ní ó ń sọ fún aládùúgbò pé ojú ọmọ òun burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi fẹ́ kí èèyàn rí òun.

Ẹ mọ ohun tó yọ ọ́ jáde? Ìjà ni, irú èyí tí ẹ ń jà lórí Twitter yìí náà. Ní 1913, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ The Argosy, ó bu òǹkọ̀wé kan tó ń kọ ìtàn ìfẹ́ níbẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ òǹkọ̀wé yẹn dà bò ó. Òun náà fèsì, ó ń fi ewì bú wọn. Ó lọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan títí ẹgbẹ́ àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn kéékèèké fún ìgbádùn ara wọn fi rí i, wọ́n ní kó wá dara pọ̀ mọ́ àwọn. Ó wọ ẹgbẹ́ náà ní 1914. Ibẹ̀ ló ti ní ọ̀rẹ́ púpọ̀, orí bébà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ náà wà. Láti ìgbà yẹn títí tó fi kú, lẹ́tà tó kọ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Àwọn míì gùn tó ìwé odidi kan.

Ní 1919, wọ́n gbé ìyá náà lọ sí Butler Hospital tí wọ́n gbé ọkọ rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ lòun náà kú sí ní May 1921.

Ọdún 1921 yẹn náà ni Abdul Alhazred jí. Lovecraft kọ ìtàn kan nípa ìlú àtijọ́ kan tí iyanrìn aṣálẹ̀ ti bò, ó sì mú orúkọ ọmọdé rẹ̀ yẹn, ó fi í sínú rẹ̀ bí orúkọ akéwì Lárúbáwá kan tí orí rẹ̀ ti dàrú. Ìwé kankan ò tíì wà níbẹ̀. Ní 1922, ó kọ òmíràn tó pè ní The Hound, nípa àwọn ọkùnrin méjì tó ń hú òkú fún ìgbádùn. Wọ́n rí ońdè kan nínú sàréè, wọ́n sì dá a mọ̀ nítorí pé wọ́n ti kà nípa rẹ̀ nínú Necronomicon tí Abdul Alhazred kọ. Kò ju ìyẹn lọ. Weird Tales, ìwé ìròyìn ìtàn ẹlẹ́rù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1923, ló gbé ìtàn náà jáde ní February 1924. Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ tí wọn ò tíì bí lórúkọ nìyẹn.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, March 1924, ló gbéyàwó. Ẹnu ya gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n. Sonia Greene lorúkọ ìyàwó. Ó dàgbà jù ú lọ, òun ló ń pawó nínú iṣẹ́ fìlà obìnrin ní New York, Ukraine ni wọ́n bí i sí, Júù sì ni. Ọkùnrin tó ń fi lẹ́tà bú Júù àti gbogbo àjèjì ló fẹ́ obìnrin yìí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ èébú rẹ̀, Sonia a rán an létí pé Júù lòun náà. Ó máa ń gbìyànjú láti wá ọ̀rọ̀ fi yí i ká, ṣùgbọ́n kò yí padà.

Ó kó lọ bá ìyàwó ní Brooklyn. Kò pẹ́ tí òwò Sonia dojú rú, ara rẹ̀ ò tún yá, ló bá gba iṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Ọkọ ò rí iṣẹ́. Ta ló máa gba ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n tí kò ṣiṣẹ́ rí síṣẹ́? Ó gba yàrá kan ní Clinton Street, ẹ̀gbẹ́ Red Hook, ó ń jẹ ẹ̀wà agolo tútù kí owó lè dúró. Ní 1925, àwọn olè wọ yàrá yẹn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú kóòtù rẹ̀ lọ. Nínú ìṣẹ́ yìí, kàkà kó rí ara rẹ̀ nínú àwọn tálákà tó yí i ká, ṣe ló kórìíra wọn sí i. Àwọn Síríà, àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn ará Ítálì, gbogbo wọn ló bú nínú lẹ́tà. Ó wá kọ ìtàn kan nípa àdúgbò náà, The Horror at Red Hook, níbi tí àwọn àjèjì ti ń bọ òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀. Mo ti ka ìtàn yẹn. Ìtàn burúkú ni, ìyẹn pé kò dùn pàápàá. Ìbínú ló kọ ọ́.

Àwọn kan máa ń ní ẹ jọ̀ọ́, báyìí ni gbogbo òyìnbó ìgbà yẹn rí. Kì í ṣe gbogbo wọn. Nínú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an, a rí ẹni tó bá a jiyàn lórí rẹ̀. Nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó ní àwọn ọdún 1930, ó yí èrò rẹ̀ padà lórí òṣèlú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti Ààrẹ Roosevelt lẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀ pé kí ìjọba pín ọrọ̀ fún tálákà. Ó lè yí padà, ẹ rí i pé ó lè ṣe é. Ti aláwọ̀ dúdú ni kò fi ọwọ́ kàn.

Ní April 1926, ó padà sí Providence láìmú ìyàwó lọ́wọ́. Ìgbéyàwó náà tú ní 1929. Nígbà tó yá, Sonia kó àpótí kan tó kún fún lẹ́tà rẹ̀ lọ sí pápá, ó sì ṣáná sí i.

Bó ṣe padà délé ni kálámù rẹ̀ ṣí. Ọdún yẹn náà ló kọ The Call of Cthulhu, nípa ẹbọra ńlá kan tó ń sùn nínú ìlú tó rì sínú òkun Pàsífíìkì, tó ń ti inú oorun wọ inú àlá àwọn èèyàn. Olóòtú Weird Tales kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, kó tó wá gbà á, ó sì jáde ní 1928. Láàárín ìyẹn, ní 1927, ó jókòó, ó kọ ìtàn ìgbésí ayé Necronomicon sórí bébà péréte kan, kí ọ̀rọ̀ má bàa takora tó bá ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìtàn.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ó ní ará Sanaa, ní Yemen, ni Alhazred, ó wà láyé ní nǹkan bí ọdún 700, ó dá gbé aṣálẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ó wá kọ ìwé náà ní Dàmásíkù nígbà tó darúgbó. Al Azif ni orúkọ tí ìwé ń jẹ́ ní Lárúbáwá, ìyẹn ariwo àwọn kòkòrò alẹ́ tí àwọn èèyàn máa ń rò pé àwọn ànjọ̀nú ló ń ké. Ní ọdún 738, ẹ̀dá kan tí a ò lè fojú rí fa akéwì náà jẹ lọ́sàn-án gangan níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní 950, ẹnìkan ní Constantinople túmọ̀ ìwé náà sí èdè Gíríìkì, òun ló sọ ọ́ ní Necronomicon. Ní 1050, olórí ṣọ́ọ̀ṣì níbẹ̀ dáná sun ún. Ní 1228, Olaus Wormius túmọ̀ rẹ̀ sí Látìn. Ní 1232, Póòpù Gregory IX fòfin dè é. Ó wá ní ẹ̀dà kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, òmíràn wà ní ilé ìkàwé ńlá ti Paris, ní Harvard, ní yunifásítì Buenos Aires, àti ní Miskatonic University ní ìlú Arkham.

Ẹ rí ọgbọ́n tó dá? Harvard wà. Buenos Aires wà. Póòpù Gregory IX wà, ó sì jẹ́ Póòpù lóòótọ́ ní 1232. Kódà Olaus Wormius wà, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Denmark kan ni, àmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún ló gbé ayé, kì í ṣe kẹtàlá. Miskatonic àti Arkham ni kò sí níbì kankan. Ó ti irọ́ bọ àárín òótọ́ bí ẹni ń ti ayédèrú owó sínú ìdì owó gidi. Ẹni tó bá ka márùn-ún tó mọ̀, á gba ẹ̀kẹfà gbọ́. Tí ẹnìkan bá sì wá lọ wá a tí kò rí i, wọ́n á ní ṣé ẹ ò gbọ́ pé wọ́n ti dáná sun ún ni? Àìsí rẹ̀ gan-an wá di ẹ̀rí pé ó wà. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ìtàn Ìwé Kẹfà àti Keje Mósè nílé ẹ̀kọ́ girama, ẹ mọ bí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń rìn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n tẹ ti Mósè, a rí i rà lọ́jà. Tiwọn yìí, atẹ́gùn lásán ni.

Nǹkan tó wá jẹ́ kí atẹ́gùn náà di ẹran ara, òun ni mo gbà pé ó tóbi jù nínú ayé Lovecraft. Ó fi í sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹ mọ bí Marvel ṣe ń ṣe é, tí Iron Man á yọ nínú fíìmù Spider-Man. Àgbẹjọ́rò àti ìwé àdéhùn ló ń darí ìyẹn. Lovecraft ò ní àgbẹjọ́rò. Ó ní lẹ́tà. Ó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n mú Cthulhu, kí wọ́n mú Alhazred, kí wọ́n máa lò wọ́n, àwọn náà sì ń fún un ní tiwọn. Clark Ashton Smith ní California mú Book of Eibon wá. Robert E. Howard ní Texas, ẹni tó kọ Conan, mú ìwé dúdú Von Junzt wá. Frank Belknap Long ní John Dee, awo ọbabìnrin England ìgbà kan rí, ti túmọ̀ Necronomicon sí Gẹ̀ẹ́sì, Lovecraft sì gbà á wọlé láìjanpata. Robert Bloch, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún péré nígbà tó kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, mú De Vermis Mysteriis wá. Ọmọ yìí tọrọ àyè láti pa Lovecraft nínú ìtàn, bàbá ní kó máa pa òun lọ. Ìtàn jáde ní 1935. Lovecraft jókòó, ó kọ ìtàn tirẹ̀, ó sì pa ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Robert Blake. Ṣe ni wọ́n ń bára wọn ṣeré.

Ọ̀nà kejì tó gbà tan irọ́ yìí ká, ìṣẹ́ ló fà á. Ìtàn tirẹ̀ ò mówó wá, torí náà ó máa ń tún ìtàn àwọn ẹlòmíràn kọ fún owó táṣẹ́rẹ́. Ó kọ ọ̀kan fún Houdini onídán. Ó kọ fún Zealia Bishop, ó kọ fún Adolphe de Castro, ó kọ fún Hazel Heald. Orúkọ wọn ló ń jáde níwájú, orúkọ tirẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó wá ń yọ́ àwọn ẹbọra rẹ̀ àti ìwé rẹ̀ sínú iṣẹ́ tí wọ́n sanwó fún. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó ń ra Weird Tales lóṣooṣù nígbà náà. Òǹkọ̀wé mẹ́rin, márùn-ún, ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ló ń dárúkọ ìwé kan náà. Ẹ̀yin náà ò ní gbà pé ó wà ni?

Àwọn èèyàn gbà. Wọ́n kọ̀wé sí i, wọ́n ń béèrè ibi tí àwọn ti lè rí i rà. Gbogbo wọn ló dá lóhùn pé òun lòun ro ó lórí ara òun, pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sì sí Alhazred. Ó ń ṣàánú wọn bí wọ́n ṣe ń fi àkókò ṣòfò nílé ìkàwé. Ní 1936, àwọn ọ̀dọ́ méjì, James Blish àti William Miller, ní kí ló dé tí kò kúkú kọ odidi rẹ̀. Ó ní kò ṣeé ṣe, pé ohun tí òun ti fi ẹnu sọ nípa ìwé náà ti bani lẹ́rù ju ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ lọ, ẹni tó bá rí i á ní ṣé kò ju báyìí lọ ni. Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Nígbà yẹn, kò kù pẹ́ fún un. Àwọn olóòtú ti kọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tó gùn sílẹ̀, ìyẹn sì ti ba ọkàn rẹ̀ jẹ́. Ìwé kan péré ni wọ́n tẹ̀ fún un nígbà ayé rẹ̀, The Shadow over Innsmouth, ní 1936. Àṣìṣe ìtẹ̀wé kún inú rẹ̀, nǹkan bí igba ẹ̀dà ni wọ́n sì dì. Jẹjẹrẹ ìfun wá dé. Ó gbé e mọ́ra títí kò fi ṣeé gbé mọ́, ó lọ sílé ìwòsàn, ó sì kú ní March 15, 1937. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Kò lówó, kò lọ́mọ, àwọn tó ń gbàwé ìròyìn ìtàn ẹlẹ́rù nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá gbé e dúró? Àwọn lẹ́tà yẹn. Méjì nínú àwọn tó ń bá kọ̀wé, August Derleth àti Donald Wandrei, ní àwọn ò ní jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Wọ́n lọ bá àwọn atẹ̀wé, wọn ò gbà, ni wọ́n bá dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ fúnra wọn ní 1939, wọ́n pè é ní Arkham House, orúkọ ìlú tí kò sí yẹn. Derleth náà ní àbùkù tirẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni pé òun ló ni gbogbo rẹ̀, ó sì ń fi ẹnu Lovecraft sọ ohun tí kò sọ. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Orí òkúta bàbá àti ìyá rẹ̀ ní itẹ́ òkú Swan Point ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí. Kò ní tirẹ̀ títí di 1977, nígbà tí àwọn tó fẹ́ràn ìwé rẹ̀ dáwó jọ ra òkúta kan fún un. Ọdún 1977 yẹn kan náà ni ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Simon gbé ìwé kan jáde ní New York, ó kọ Necronomicon sẹ́yìn rẹ̀, ó ní ojúlówó rèé. Orúkọ àwọn òrìṣà Babiloni àtijọ́ ló kó jọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn PDF tí mo ń sọ lókè yẹn, òun ni.

Mo ti sọ pé mi ò ní fi ọ̀kan bo èkejì. Láti 1975, ère orí Lovecraft ni wọ́n ń fún òǹkọ̀wé tó bá gba World Fantasy Award, ọ̀kan nínú àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún irú ìtàn yìí. Ní 2011, Nnedi Okorafor, ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, gbà á fún ìwé rẹ̀ Who Fears Death. Aláwọ̀ dúdú kankan ò gba ti ìwé ìtàn olódidi rí ṣáájú rẹ̀. Ó gbé ère náà sílé. Ọ̀rẹ́ kan ló wá fi ewì kan hàn án tí Lovecraft kọ ní 1912, níbi tó ti sọ pé àwọn òrìṣà dá aláwọ̀ dúdú sí àárín èèyàn àti ẹranko. Ẹ wo obìnrin yìí, tí orí ẹni tó kọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ń wò ó lójú nínú yàrá ara rẹ̀. Kò jù ú nù. Ó kọ̀wé, ó béèrè ohun tó yẹ kí òun ṣe pẹ̀lú ọlá tó wá láti ọwọ́ ẹni tí kò ní fún òun láyè jókòó. Àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀. Ní 2015, wọ́n kéde pé àwọn ò lo orí Lovecraft mọ́. S. T. Joshi, ọmọ Íńdíà tó mọ ìtàn ayé Lovecraft ju ẹnikẹ́ni lọ, bínú, ó dá àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ padà. Igi tí òṣùpá wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń fún èèyàn báyìí.

Mo gbà pẹ̀lú Okorafor. Kì í ṣe torí kí a má ka Lovecraft mọ́, èmi náà ń kà á. Ṣùgbọ́n ìtàn lè wà lórí pẹpẹ ìwé láìjẹ́ pé orí ẹni tó kọ ọ́ wà lórí tábìlì mi.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò rántí pé àwa náà lè gba ibẹ̀ wọlé. Ní 2016, Victor LaValle, aláwọ̀ dúdú ará New York, mú The Horror at Red Hook, ìtàn burúkú yẹn, ó tún un sọ láti ojú ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Harlem ní 1924. Ó pè é ní The Ballad of Black Tom. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, ọmọkùnrin yẹn ń ṣe bí olórin, ó mú ìwé òkùnkùn kékeré kan lọ fún obìnrin kan ní Queens. Ó ti mọ ohun tí ìwé náà lè ṣe. Torí náà, kó tó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó ti yọ ojú ewé tó kẹ́yìn kúrò nínú rẹ̀.